Ìtàn ìfẹ́ àkókò June 12 tí mò ń kọ: ṣé kí wọ́n tún ríra, àbí kó parí síbẹ̀?

Akọ̀wé_Òru kọ:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fi òru kọ ìwé ìtàn kan, mo sì ti dé ibi tí kò ṣeé lọ, tí kò ṣeé bọ̀. Ẹ bá mi dá sí i.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Èkó ni, ọdún 1993. Táyọ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, Ifeoma jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, yunifásítì kan náà ni wọ́n ń lọ, ilé ìkàwé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọra. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà, wọ́n jọ tò sórí ìlà ìdìbò ààrẹ láàárín ẹ̀kọ́ méjì, Táyọ̀ sì fi ìka tí yíǹkì ṣì wà lára rẹ̀ di ọwọ́ Ifeoma mú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ológun Babangida fagi lé ìdìbò náà, èyí tí Abiola ń borí nínú rẹ̀. Ìgboro gbiná, sọ́jà dà sí títì, àwọn méjèèjì sì pàdánù ara wọn nínú rẹ̀. Ìwé náà wá fò wá sí oṣù Kẹfà ọdún 2018, nígbà tí ìjọba kéde pé June 12 ni a ó máa fi ṣe Àyájọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Táyọ̀ ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló ti gbọ́ ọ lórí rédíò ọkọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fun fèrè mọ́ ọn nítorí kò mọ̀ pé ọ̀nà ti ṣí.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí wọ́n tún ríra? Ìyàwó mi ní bí wọn ò bá ríra, òun ò ní ka ìwé náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí wọ́n bá ríra, òun á sọ ọ́ sínú iná.

Jẹ́jẹ́_Layé kọ:

Kí wọ́n ríra jàre. Ilé lo ń sùn sí, kì í ṣe ilé ọ̀rẹ́ rẹ.

Ọmọ_Akéwì kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ọ̀kan nínú wọn. Mi ò fi ṣeré. Lọ́jọ́ 5 oṣù Keje ọdún yẹn ni ìwọ́de ńlá bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ẹgbẹ́ Campaign for Democracy tí Dókítà Beko Ransome-Kuti ń darí ló pè é. Sọ́jà yìnbọn, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn sì sọ pé àwọn tó kú lé ní 100. Ẹ jẹ́ kí Ifeoma wà lára wọn. Ó jáde láti wá Táyọ̀, ìbọn bà á, Táyọ̀ gbé e lọ́wọ́, ó ń sáré lọ sí ọsibítù, kò sí ọkọ̀. Ta ni kò ní sunkún?

Màmá_Ṣadé kọ:

Èmi ò ní sunkún. Ìwọ Ọmọ_Akéwì, kí ni ọmọbìnrin ṣe fún yín tí ẹ fi máa ń pa á nínú gbogbo ìwé kí ọkùnrin lè rí ohun ronú lé? Ikú kò ṣòroó kọ. Ìlà méjì ni, ó parí. Ohun tó ṣòroó kọ ni pé ẹnì kan wà láàyè níbì kan, o kò sì mọ ibẹ̀.

Akọ̀wé, ìwọ náà ń kọ́? “Wọ́n pàdánù ara wọn nínú rẹ̀.” Báwo? Ṣé owó ẹyọ tó já bọ́ lápò ni wọ́n ni? Àwọn méjì tó mọ ilé ara wọn, tó mọ orúkọ ìyá ara wọn, báwo ni wọ́n ṣe sọnù síra wọn nínú ìlú kan náà? Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn rẹ wà, o sì fò ó kọjá bí ẹni fo gọ́tà.

Atọ́sẹ̀Ìtàn kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Kí n tó dé orí ìfẹ́, ẹ jẹ́ n yọ ẹ̀gún kan. Ẹ ní wọ́n tò lórí ìlà “láàárín ẹ̀kọ́ méjì”. Ẹ̀kọ́ wo? Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó padà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti wà nílé lọ́dọ̀ bàbá wọn nígbà tí ìdìbò dé. Lẹ́yìn náà, Sátidé ni ọjọ́ ọ̀hún. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà wò.

Akọ̀wé_Òru kọ:

Háà! Orí Kẹrin mi ti wó lulẹ̀. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ilé ìkàwé yẹn o. Oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé, eruku tó ń jó nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí ní 1993, ohun tí mo rántí kò ju pé wọn ò jẹ́ ká jáde ṣeré lọ.

Màmá, ẹ gbá ojú egbò mi. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kò lágbára, ìdí tí mo fi sáré kọjá níbẹ̀ nìyẹn.

Bí wọn ò bá sí nílé ìwé, níbo ni kí wọ́n ti máa ríra? Kò sí fóònù alágbèéká. Ilé tó ní tẹlifóònù kò tó nǹkan, èyí tó sì ní i, pálọ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bàbá.

Bàbá_Fẹ́ńdọ̀ kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí o, bí àṣìṣe bá wà, tirẹ̀ ni.

Mo ta ìwé ìròyìn ní Yábàá fún ọdún mẹ́rìndínlógún, 1993 sì bá mi nídìí rẹ̀. Bí ASUU bá ti yan iṣẹ́ lódì, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń kóra jọ sí? Ìdí tábìlì mi. Wọn kì í rà á. Wọ́n á san owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á dúró kà á, wọ́n á sì dá a padà bí ẹni tí kò fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíì ò tilẹ̀ ní san kọ́bọ̀, ojú ìwé iwájú nìkan ni yóò kà, ìyẹn náà ni yóò fi jiyàn títí oòrùn yóò fi kan àtàrí.

Nígbà tó di oṣù Keje, ìjọba ti Concord pa, wọ́n ti Punch pa. The News náà, wọ́n fòfin dè é, àwọn tó ń ṣe é wá gbé Tempo jáde. Tempo àti Tell, o ò gbọdọ̀ tẹ́ wọn sórí tábìlì. Bí mo ṣe ń tà á rèé: màá ṣí Daily Times, tó jẹ́ ti ìjọba nígbà náà, màá ti Tempo bọ àárín rẹ̀, màá ká a sí méjì, oníbàárà á fi há abíyá, á máa lọ. Ẹni tí mi ò bá mọ̀ rí tó bá béèrè Tempo, màá ní, “Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Wọ́n kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ nítorí rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nígbà náà tó máa ń ní kí n bá òun fi bébà kékeré kan sínú ìwé ìròyìn tí ọmọbìnrin kan yóò wá mú nírọ̀lẹ́. Mi ò kà á rí.

Ó dáa, mo ka ọ̀kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Má gba Ìkòròdú Road lónìí, wọ́n ń sun táyà.” Ó tán. Kò sí “olólùfẹ́ mi”, kò sí “òdòdó ọkàn mi”. Mo ká a padà bó ṣe wà, ojú sì tì mí fún ara mi.

Ọmọ_Akéwì kọ:

Bàbá, mo ti gba ìbọn mi padà. Ẹ má pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Jẹ́jẹ́_Layé kọ:

“Wọ́n ń sun táyà.” Ọkọ mi ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó dùn tó yìí rí láti ọdún mẹ́jọ.

Akọ̀wé_Òru kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run dá yín sí. Mi ò sùn lánàá. Mo ti ju ilé ìkàwé dànù, mo gbé wọn wá sídìí tábìlì ìwé ìròyìn. Ẹ wo ibi tí mo kọ:

“Ọjọ́rú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn nídìí tábìlì. Bàbá náà ti tẹ́ àwọn ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó sì fi òkúta kékeré lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kí atẹ́gùn má baà gbé e. Ifeoma ka àkọlé iwájú, ó tún un kà. ‘Wọ́n ti fagi lé e,’ ló wí, bí ẹni ń sọ orúkọ ẹni tó kú. Táyọ̀ wo ìka rẹ̀. Yíǹkì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àfi díẹ̀ lábẹ́ èékánná. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tó ti ń fi ọgbọ́n wẹ̀ kí omi má baà gbé e lọ. ‘Ṣé kí n wá fọ̀ ọ́ báyìí?’ ló bi í. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ifeoma mú ìka náà, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, díẹ̀díẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó dúró.”

Màmá_Ṣadé kọ:

Ẹ̀n-ẹ́n. Níbi tó ti nu ìka yẹn, mo dákẹ́. O ti ń bọ̀.

Atọ́sẹ̀Ìtàn kọ:

Ó dùn. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ni wọ́n kéde ìfagilé náà, ìwé ìròyìn tó gbé e kò lè jáde kó tó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24. Bí ẹ bá sì fẹ́ ohun tó dájú láti kì bọ̀ ọ́: bébà lásán ni wọ́n fi kéde rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, kò ní àkọlé ìjọba lókè, kò ní ìbuwọ́lùwé nísàlẹ̀. Ìdìbò tí mílíọ̀nù ènìyàn fi ìka tẹ̀, bébà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí ló pa á. Ẹ lè fi ṣe àfiwé pẹ̀lú bébà kékeré ti Bàbá Fẹ́ńdọ̀, tí òun náà kò ní orúkọ lábẹ́.

Bàbá_Fẹ́ńdọ̀ kọ:

Òótọ́ ni, Ọjọ́bọ̀ ni. Gbogbo ọjà mi tán kó tó di aago mẹ́jọ.

ỌmọSurulere kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mi ò fẹ́ dá sí i. Ìgbò ni bàbá àti ìyá mi, Surulere ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni mo fi ń jà nílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí ní 1993. Akọ̀wé, màá sọ ohun tó ya Táyọ̀ àti Ifeoma fún ẹ. Kì í ṣe sọ́jà. Bàbá Ifeoma ni.

Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn ènìyàn wa ń kó kúrò l'Ékòó. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ni Ọsọ Abiola, eré sísá ti Abiola. Kò sẹ́ni tó lé wa. Kò sí aládùúgbò kan tó sọ̀rọ̀ burúkú sí wa. Ṣùgbọ́n Kánò ni bàbá mi wà ní 1966, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, nígbà tí wọ́n pa àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e délé, kò sì sọ ohun tó rí nínú ọkọ̀ náà fún wa rí. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé ní Kánò náà, aládùúgbò kankan ò sọ̀rọ̀ burúkú sí òun. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ogun ní 1993, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí màmá mi di ẹrù.

Kọ́tìnì tuntun wà nílé wa nígbà náà, owó àjọ ni màmá mi fi rà á. Mo rò pé òun ló máa kọ́kọ́ tú. Ó fi í sílẹ̀. Ó ní bí fèrèsé bá ṣófo, ará ìta á mọ̀ pé ilé ṣófo. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló tú kúrò lára ẹsẹ̀, ó fi ìró wé e bí ọmọ, ó sì gbé e lé itan láti ibùdókọ̀ Jibowu dé Onitsha. Bọ́ọ̀sì kún débi pé àwọn kan jókòó sórí àpò lójú ọ̀nà àárín. Nígbà tí a gun afárá Odò Ọya, ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀. Gbogbo òru yẹn ni kò tú u.

Ọ̀sẹ̀ keje ni a padà. Ìyá ìsàlẹ̀ wa la fún ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti gbá ilé, ó ti nu eruku orí àga, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé màmá mi lọ́wọ́ láìwí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ló tó la ẹnu: “Ẹ rò pé màá dúró wo wọn kí wọ́n pa yín?” Màmá mi ò rí èsì fún un títí dòní.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò náà. Ẹ má bi mí lórúkọ. Òru la kúrò, mi ò ráyè sọ fún un. Nígbà tí a fi máa padà, ilé wọn ti ṣófo. Ìyẹn ò tilẹ̀ kan June 12. Onílé ló fowó kún owó ilé.

Ọmọ_Akéwì kọ:

Onílé ló fowó kún owó ilé. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, bí ẹ bá lè rí ìlà kan bí èyí kọ, ìwé yín ti parí.

Atọ́sẹ̀Ìtàn kọ:

Àǹtí ỌmọSurulere, ẹ kú ìrántí. Akọ̀wé, ohun kan wà tí ẹ lè fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ìlà-Oòrùn kò dìbò fún Abiola rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ idì, àmì ẹgbẹ́ NRC ti Tofa tó bá Abiola du ipò ààrẹ, ló gba Imo, Abia àti Enugu, igbá-kejì Tofa, Sylvester Ugoh, sì jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ṣùgbọ́n ẹṣin, àmì SDP, ẹgbẹ́ Abiola, ló wọlé ní Anambra. Kánò, ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀, ẹṣin ló wọlé níbẹ̀. Nítorí náà, bàbá Ifeoma lè ti tẹ̀ka fún ẹṣin ní Surulere lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà, kó sì di ẹrù rẹ̀ ní oṣù Keje.

Màmá_Ṣadé kọ:

Ṣé o gbọ́ ìyẹn, Akọ̀wé? Bàbá náà dìbò fún Abiola, ó sì sá nítorí Abiola. Má sọ ọ́ di òǹrorò o. Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin tó ń kọ̀wé ìfẹ́: kíá ni bàbá á ti di ẹni tó kórìíra ẹ̀yà ọmọkùnrin, á máa pariwo, á máa gbá ilẹ̀kùn. Bàbá tó ń pariwo, ọmọ lè bá a jà. Èyí tó kàn dákẹ́ tó ń di okùn bàtà rẹ̀, kí ni Ifeoma fẹ́ sọ fún un?

Jẹ́jẹ́_Layé kọ:

Gbogbo yín ti sọ ọ́ di ìwé òṣèlú. Ìfẹ́ ni mo wá kà. Mi ò fẹ́ mọ ẹni tó wọlé ní Anambra.

Atọ́sẹ̀Ìtàn kọ:

Ṣùgbọ́n bí a bá yọ òṣèlú kúrò, kí ló kù? Òǹkàwé tí kò tíì dáyé nígbà náà gbọ́dọ̀ mọ bí nǹkan ṣe tò. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, Babangida yẹ̀bá, ó gbé ìjọba fún Shonekan, ọmọ Ẹ̀gbá bíi ti Abiola. Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà dá a l'Ékòó pé ìjọba Shonekan kò bófin mu. Ọjọ́ 17, Abacha gbà á. Epo bẹntiróòlù tó wà ní 70 kọ́bọ̀ fún lítà kan, ìjọba Shonekan sọ ọ́ di ₦5 nínú oṣù kan náà, Abacha wá já a sí ₦3.25. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Abiola kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó, wọ́n mú un ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọdún kan gééré lẹ́yìn ìfagilé. Àwọn òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù Keje, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì.

Màmá_Ṣadé kọ:

Atọ́sẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ rẹ, àmọ́ tí mo bá rí ìpínrọ̀ yẹn nínú ìwé ìfẹ́, màá pa á dé ni. Nínú gbogbo ohun tí o tò sílẹ̀ yẹn, ẹyọ kan ló wúlò: 70 kọ́bọ̀ tó di ₦5.

Akọ̀wé, gbọ́. Táyọ̀ kò lówó. Láti oṣù Kẹjọ ló ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ Onitsha sínú agolo mílíìkì. Ó ti béèrè iye rẹ̀ ní Jibowu, ó mọ̀ ọ́n dé orí kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí owó náà pé, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó dé Jibowu, wọ́n sọ iye tuntun fún un. Ó yí padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó pé, epo kò sí, bọ́ọ̀sì tò sílẹ̀ bí òkú ẹja. Má dárúkọ Shonekan. Má dárúkọ Akínsànyà, ẹ jọ̀ọ́ Adájọ́, ẹ má bínú. Agolo mílíìkì nìkan.

Atọ́sẹ̀Ìtàn kọ:

Mo gbà. Ó ń dùn mí, àmọ́ mo gbà.

Jẹ́jẹ́_Layé kọ:

Òṣèlú tó wà nínú agolo mílíìkì, ìyẹn ni mo lè kà.

Akọ̀wé_Òru kọ:

Ẹ ń ṣe mí lóore, ẹ sì ń pa mí. Ibi tí mo kọ dé lálẹ́ yìí: oṣù Kẹsàn-án, ASUU wọlé padà, Táyọ̀ lọ sí ilé ìkàwé. (Ojú ìwé mẹ́sàn-án mi padà wúlò!) Àga tí Ifeoma máa ń jókòó sí, ẹlòmíì ló jókòó sí i, ó ń jẹ gúgúrú. Bàbá Ifeoma ti ní kò ní padà s'Ékòó mọ́, ó ti gba yunifásítì mìíràn fún un ní ìhà ọ̀hún.

Àǹtí ỌmọSurulere, ìbéèrè méjì. Ọ̀kan: ṣé lẹ́tà ń lọ? Èkejì: báwo ni kí n ṣe jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀? Mo ti fi Ìgbò díẹ̀ sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń dún bí orin tí mi ò mọ ohùn rẹ̀.

ỌmọSurulere kọ:

Lẹ́tà ń lọ, tó bá wù ú. Èyí tó yá jù ni kí o fún dírẹ́bà ní Jibowu, kí o kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà Onitsha sí i lẹ́yìn, kí o sì gbàdúrà. Ẹlòmíì rí tirẹ̀ gbà. Ẹlòmíì, dírẹ́bà fi jókòó.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, jọ̀ọ́ má jẹ́ kó sọ Yorùbá bí ẹni ń jẹ òkúta. Èkó ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ dán ju ti Táyọ̀ lọ, pàápàá tí ó bá ń bú èèyàn. Ìgbò jẹ́ ti inú ilé: bàbá rẹ̀ á máa pè é ní “nne”, tó túmọ̀ sí ìyá, ìyẹn náà tó. Àwa tí a dàgbà bẹ́ẹ̀, Yorùbá la fi ń ṣépè, Ìgbò la fi ń sunkún.

Ọmọ_Akéwì kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe fi lẹ́tà kọ gbogbo ìwé náà? Ó wà nínú ìtàn kíkọ Yorùbá tẹ́lẹ̀. Ìtàn Sẹ̀gilọlá tí ìwé ìròyìn Akéde Èkó gbé jáde láti 1929 sí 1930, lẹ́tà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn òǹkàwé sì gbà pé obìnrin tó ń ṣàìsàn gan-an ló ń kọ ọ́ sí olóòtú. I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn náà ló ń kọ ọ́.

Màmá_Ṣadé kọ:

Lẹ́tà dára. Ṣùgbọ́n kí àwọn kan nínú rẹ̀ má dé, kí àwa tó ń kà á sì rí i kà. Kí Táyọ̀ ṣàlàyé nínú lẹ́tà kẹta pé òun dé Jibowu, owó òun ò pé. Kí dírẹ́bà fi lẹ́tà kẹta jókòó.

Akọ̀wé_Òru kọ:

Màmá, ìkà ni yín.

Màmá_Ṣadé kọ:

Ìwọ lo ní kí wọ́n sunkún.

Bàbá_Fẹ́ńdọ̀ kọ:

Ẹ jẹ́ n bi ọmọ wa ará Surulere ní nǹkan kan, bí kò bá bínú. Ọmọkùnrin àdúgbò yẹn, ṣé o fẹ́ tún rí i?

ỌmọSurulere kọ:

Rárá o, bàbá. Mo ní ọkọ, ọkọ mi dáa, ọmọkùnrin náà á ti di bàbá onípárí níbì kan. Kí ni mo fẹ́ wò?

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnì kan bá mi sọ fún un pé òru la kúrò. Pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n jí mi, mo rò pé iná ló mú ilé.

Akọ̀wé_Òru kọ:

Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo ti rí i.

Mo ti pa Orí Kejìlélógún rẹ́. Mi ò fẹ́ ìpàdé ní pápákọ̀ òfurufú mọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2018, lẹ́yìn ìkéde orí rédíò yẹn, ọmọbìnrin Táyọ̀ tó kẹ́yìn ń bá a tún àpótí àtijọ́ tò, ó rí Daily Times kan tó ti pọ́n, ó ṣí i, Tempo wà nínú rẹ̀, nínú Tempo ni bébà kékeré kan wà tí bàbá rẹ̀ ò ṣí rí, nítorí ọjọ́ tó gba ìwé ìròyìn náà, Tempo ló ń wá, kò mọ̀ pé Ifeoma ti dé ìdí tábìlì ṣáájú òun. Ọwọ́ Ifeoma ni: “Wọ́n ní a ń lọ lálẹ́ yìí. Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́.”

Àǹtí, ti Ifeoma yàtọ̀ sí tiyín níbì kan: ó fi wákàtí díẹ̀ mọ̀ ṣáájú. Ẹ foríjì mí.

ỌmọSurulere kọ:

Mo foríjì ẹ́. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ó ráyè kọ ọ́.

Bàbá_Fẹ́ńdọ̀ kọ:

Tábìlì mi wá di ibi tí lẹ́tà há sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé fẹ́ńdọ̀ náà kò kà á.

Jẹ́jẹ́_Layé kọ:

Ẹ dúró ná. Ṣé wọ́n wá ríra ni àbí wọn ò ríra?

Akọ̀wé_Òru kọ:

Ohun tí ìyàwó mi náà ń bi mí láti òwúrọ̀ nìyẹn.